Ẹni Tó Ń Jẹ̀rora Ló Ni Ọ̀rọ̀

(Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyí ní Ìbàdàn, ní àpéjọ àwọn òbí àti àwọn warrior, ìyẹn àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, sickle cell.) (Àwàdà díẹ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà lórí ìjókòó, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ní pàtàkì jù lọ, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń pe ara yín ní warrior, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìsẹ́yìn wá láàárọ̀ yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn tó ń gbọ́ wa lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù náà, a kí yín, ẹ kú òtútù. Mo mọ̀ pé ìgbà ooru lẹ wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ooru tiyín, òtútù ni lójú tiwa.

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ nǹkan mìíràn. Ta ni mo fẹ́ kọ́ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín AS, ẹni tó kàn gbé e sínú ẹ̀jẹ̀, àti SS, ẹni tó ní àìsàn náà, nínú gbọ̀ngàn yìí? Ta ni kò mọ̀ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ yìí jù lọ lágbàáyé, àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé wọ́n tó 150,000 lọ́dọọdún? Láti ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fẹnu kò ní ọdún 2008 lórí ọ̀rọ̀ àìsàn yìí, tí a wá ń ṣe àyájọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, ọdọọdún là ń gbọ́ ọ. A ti gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí a ṣe ń bá ara wa lò nínú fóònù. Gúrúùpù WhatsApp wa. Tiwa yìí, àti àwọn mìíràn tí mo mọ̀ pé ẹ wà nínú wọn.

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìyá tó bá gbé irú ọmọ yìí wá sí wọ́ọ̀dù kì í fẹ́ kí ará ilé ọkọ òun gbọ́. Wọ́n á ní àbíkú ni. Wọ́n á ní ìdílé ìyá rẹ̀ ló ti gbé e wá, bí ẹni pé ti bàbá kò sí níbẹ̀. Ìyá náà lè tọ́ ọmọ ọ̀hún dàgbà láì tíì fojú kan ìyá mìíràn tó ń tọ́ irú rẹ̀. Ta ni yóò bá sọ̀rọ̀? Ta ni yóò sọ fún un pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó tó wú yẹn, òun nìkan kọ́ ló ti rí i? Lónìí, ìyá kan á ya fọ́tò ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, kí omi tó hó lórí iná, èèyàn ti dá a lóhùn láti Abẹ́òkúta. Kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Nítorí pé kì í ṣe nǹkan kékeré ni mo ṣe fẹ́ ká tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, gbogbo ìyókù ẹ̀ka rẹ̀ ni: ẹni tó ń jẹ̀rora ló ni ọ̀rọ̀. Òun ló ni ìrora, òun ló ni ara, òun ló ni ìtàn. Àwa tó kù, a wá bá a gbé e ni.

Nígbà tí ẹnìkan bá ké lóru

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó gbóná jù. Aago méjì òru ti kọjá. Ọmọkùnrin kan, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, kọ ọ́ sí gúrúùpù pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jí? Ẹ̀yìn mi àti itan.” Kò parí gbólóhùn náà. Ẹ̀yin tí kíráísìsì, ìrora líle tí àìsàn yìí ń mú wá, ti mú rí mọ ìdí tí kò fi parí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ lónìí, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Ẹ gbọ́ èsì tí a fún un. Ẹni àkọ́kọ́: “Kí lo jẹ lánàá?” Ẹni kejì: “Mo ti sọ pé kí àwọn ọmọ yìí yé lọ sóde òru.” Ẹni kẹta fi fídíò ìwàásù ránṣẹ́, ìwàásù gígùn. Ẹni kẹrin: “Tèmi lọ́dún tó kọjá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí mi lára.” Ẹni karùn-ún fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́, “Ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun, yóò san wá o.” Kò tilẹ̀ ka ohun tó wà lókè.

Lẹ́yìn náà ni ìyá kan wọlé. Ó kọ ọ́ pé: “Ọkọ mi, mo wà níbí. Ibo ló ń dùn ẹ́ jù? Ṣé àyà ò dùn ẹ́? Ṣé ò ń mí dáadáa? Ta ló wà nílé pẹ̀lú ẹ?”

Ẹ wo ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Kò sí ìtàn ara ẹni nínú rẹ̀. Ó béèrè àyà, nítorí pé bí àyà bá ti ń dun ẹni tó ní SS tí èémí sì ń ṣòro, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti omi mímu àti pàrásítámọ̀ nílé. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá. Ó béèrè ẹni tó wà nílé, nítorí pé ẹni tó wà nínú ìrora bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà dáhùn pé bí òun bá mí, ó ń gún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá yìí pè é, ó ní kó gbé fóònù fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ó sì bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi rí ọkọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú.

Ìyá yìí kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Aṣọ ló ń tà.

Kí ló burú nínú “Kí lo jẹ lánàá?” Ẹ ó ní ìbéèrè lásán ni. Kì í ṣe lásán létí ẹni tí egungun rẹ̀ ń ro. Ohun tó ń gbọ́ ni pé ìwọ lo fà á. Òótọ́ ni, òtútù lè fà á, òǹgbẹ lè fà á, ibà lè fà á, àárẹ̀ lè fà á. Ó sì tún máa ń dé fún ẹni tó mu omi, tó wọ súwẹ́tà, tó lo Paludrine rẹ̀, oògùn tó ń dènà ibà, déédéé, tó sì sùn lásìkò. Bí o bá fẹ́ bá a wá ohun tó fà á, dúró dìgbà tó bá ti dìde. Bí ilé bá ń jó, ta ló ń bi onílé pé ibo lo gbé ìṣáná sí?

Ti ẹni tó ní tòun jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyí: mo mọ̀ pé ó rò pé òun ń tù ú nínú ni. Ó fẹ́ sọ pé mo là á já, ìwọ náà yóò là á já. Kí ó kúkú sọ bẹ́ẹ̀! “Mo ti wà níbẹ̀ rí, mo sì jáde.” Ó tán. Kí ìtàn ẹ̀jẹ̀ àti wọ́ọ̀dù di ọjọ́ mìíràn.

Mo ní ìdí tí mo fi ń le koko lórí gbígbọ́. Àwọn ọmọ yìí, wọn kì í gbà wọ́n gbọ́. Níléèwé, tíṣà á ní ọ̀lẹ ni. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá á ní àsọdùn ni. Ní wọ́ọ̀dù, àwọn kan nínú àwa elétò ìlera á ní abẹ́rẹ́ ló ń wá. Kì í ṣe nílé wa níbí nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Evan Nathan Smith, ọmọ ọdún 21 tó ní àìsàn yìí, kú ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn náà ló wà tó fi pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú wọn, pé kí wọ́n wá fún òun ní afẹ́fẹ́ mí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: nínú ilé ìwòsàn ló wà! Lẹ́yìn ìwádìí, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé ikú náà ì bá má wáyé. Ẹni tó bá ti ké ké tí wọn kò gbọ́, tó wá sọ́dọ̀ wa, ṣé ọ̀dọ̀ wa ló tún yẹ kó ti máa rojọ́ kí a tó gbà á gbọ́?

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, mo fẹ́ràn yín, ẹ má bínú. Bí ẹnìkan bá ké lóru ní Ìwó Road, ẹ má kọ ọ́ sí i léraléra pé “Call ambulance, kí ló dé tí ẹ ò pe ambulance?” Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 wà níbí, kí a pè é. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ òru, aládùúgbò tó ní mọ́tò ló ń gbé wa délé ìwòsàn. Ẹ bi wá pé: ta ló ní mọ́tò nítòsí yín? Ìyẹn wúlò.

Bí o kò bá sì ní ohunkóhun láti sọ, “Mo ń gbọ́” tó. Òun náà tó, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lò ń gbọ́.

Oògùn ẹlòmíràn

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí oògùn, nítorí ibẹ̀ ni àánú ti ń pa èèyàn.

Ìyá kan á kọ ọ́ pé ojú ọmọ òun ti funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni èsì á dé: ẹ ra blood tonic, ẹ gún ewé ugu, ẹ po mílíìkì mọ́ malt. Ti malt àti mílíìkì, mo fi sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n blood tonic yẹn, iron ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, iron ti ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀, nítorí àpò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ wọlé. Àìtó iron kọ́ ló sì sábà ń mú ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS dínkù. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tètè kú: tèmi ń lò tó 120 ọjọ́, tirẹ̀ kì í ju 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún un ní folic acid lójoojúmọ́, tí kò sì fún un ní iron àfi bí àyẹ̀wò bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọmọ bá wá ṣàdédé funfun, tí ikùn rẹ̀ lápá òsì sì ń wú, má dúró gba ìmọ̀ràn kankan nínú gúrúùpù. Gbé e, kó o máa lọ.

Ẹ tún wo hydroxyurea. Oògùn tó dára ni, ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí, ì bá sì wù mí kí gbogbo ẹni tó yẹ kó lò ó rí i rà. Àmọ́ ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń lò ó, obìnrin tó fẹ́ lóyún sì gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Nígbà tí o bá wá kọ ọ́ pé “500 ni tèmi, kápúsù kan láàárọ̀, digbí ni mo wà,” rántí pé ìyá ọmọ ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀ tó ń kà á, ilé kẹ́míìsì sì wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò rẹ̀. Sọ ìrírí rẹ, má fi ṣe ìwé àṣẹ. “Dókítà mi fún mi ní hydroxyurea, ó sì bá mi lára mu. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó yẹ ọmọ yín.” Ṣé ó ṣòro?

Ti pentazocine, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ńkọ́? Mo rí i tí ẹ ti ń wolẹ̀. Àwọn tó ti há sọ́wọ́ abẹ́rẹ́ yìí wà láàárín wa, ìrora ló gbé wọn débẹ̀. Ẹ má fi orúkọ ẹni tó ń tà á láì sí ìwé dókítà sí gúrúùpù láé, bó ti wù kí ẹni tó ń béèrè máa bẹ̀bẹ̀ tó. Bí ẹnìkan bá sì ní ìgboyà tó sọ ọ́ pé òun kò lè fi í sílẹ̀ mọ́, ẹ má bá a wí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Kí ádímínì tàbí ẹni tó bá sún mọ́ ọn pè é ní kọ̀rọ̀, kó bá a wá dókítà.

Ó ku àwọn àtẹ̀ránṣẹ́ tí kò ní baba. Ẹ rántí ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó. Òru ọjọ́ kan ni fóònù ń dún káàkiri: ẹ fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, ẹ mu díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ni kò gbà á nínú yín? Àgbàlagbà ń jí ọmọ dìde kí wọ́n wá wẹ̀. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìwé ìròyìn sì sọ pé ẹ̀mí bá a lọ. Gbogbo ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló fẹ́ràn ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí.

WhatsApp fúnra rẹ̀ ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì tó so pọ̀ lókè àtẹ̀ránṣẹ́, ohun tó ń wí ni pé èyí ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Láti ọdún 2020, wọn kò jẹ́ kí a lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé iṣẹ́ tó ni ojú ọ̀nà bá ń sọ pé kí ẹ dẹ ẹsẹ̀ dúró, kí ló ń lé yín? Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́. Oxbryta, oògùn tí wọ́n ṣe fún àìsàn yìí, jẹ́ ìròyìn ayọ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2019, a yọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Pfizer kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé, wọ́n ní ohun tí àyẹ̀wò fi hàn kò jẹ́ kí àǹfààní rẹ̀ borí ewu rẹ̀ mọ́. Àtẹ̀ránṣẹ́ ayọ̀ ti àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ìwọ tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ ló yẹ kó mọ̀.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbo tó ń sọ SS di AA, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àìsàn yìí rárá, mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbí lónìí tó gbé ìwé ìpolówó dání. Kò sí àgbo tó ń yí jẹ́nótáìpù padà. Ohun tí a mọ̀ pé ó lè yí ẹ̀jẹ̀ padà ni kí wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun lára ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n ti ṣe ní ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú Benin láti ọdún 2011, àti ìtọ́jú apilẹ̀ àbùdá tí owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ níbí. Kí ẹ lọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ara wa

Ọmọbìnrin kan wà. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn yìí kí ẹ má baà dá a mọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ń jẹ, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn, ó ti ń fi ọ̀pá rìn lọ́jọ́ mìíràn. Ó kọ ọ́ sí gúrúùpù ní alẹ́ ọjọ́ kan pé àfẹ́sọ́nà òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó bi wá pé báwo lẹ ṣe sọ tiyín? Ìbéèrè tó dára ni, àwọn ìyàwó ilé dáhùn, àwọn kan pa á lẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ohun tó kọ, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ti wà nínú fóònù ìyá ọkọ ọ̀la. Ẹni tó ya screenshot náà kò ní èrò ibi. Ó fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé “ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe gbọ́n tó.” Ẹ̀gbọ́n fi han ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ mọ ẹbí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ẹ ó bi mí pé ṣé irọ́ ni ohun tó jáde? Kì í ṣe irọ́. Ṣé ìyá ọkọ kò ní mọ̀ níkẹyìn? Yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ni ọjọ́ tí yóò mọ̀? Ta ló ni ẹnu tí yóò ti gbọ́ ọ? Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà fún un.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú ẹgbẹ́ báyìí tètè mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì tí ọtí ti sọ di ẹrú, ọ̀kan jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ara wọn. Wọ́n rí i pé ẹni tí ọtí ń bá jà ló lè gbọ́ èdè ẹni tí ọtí ń bá jà. Ẹgbẹ́ wọn, Alcoholics Anonymous, ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìlànà tí wọn kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni pé orúkọ àwọn tó ń wá kì í jáde. Nílé wa níbí pẹ̀lú, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ti òfin sílẹ̀. Ìyá tó tọ́ yín ti sọ fún yín pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ láì bọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Ohun ọkùnrin tó le tí kò rọ̀, tó ń dunni, ara àìsàn yìí ni. Ọmọkùnrin kan fi ìtìjú béèrè nípa rẹ̀ ní gúrúùpù kan, àwọn kan fi àmì ẹ̀rín dá a lóhùn. Ẹni tó tún ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó ti rí ẹ̀rín yẹn, ṣé yóò béèrè? Yóò jókòó sí yàrá, yóò máa da omi tútù sí i lára, ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn bá a ṣe yóò sì ti bọ́. Bó bá ti tó wákàtí 4 tí kò rọ̀, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn lè sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni tí kò ní lè ṣe ọkọ mọ́.

Ẹ̀yin òbí náà, fọ́tò ọmọ níhòòhò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́: ọmọ yẹn yóò dàgbà. Yóò ní ìyàwó, yóò ní ọ̀gá níbi iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi hàn wá, ẹsẹ̀ nìkan tó.

Nígbà tí ẹnìkan nínú wa bá lọ

Èyí ló wúwo jù fún mi láti sọ. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀.

Yorùbá kì í túfọ̀ bákan ṣáá. Ẹ̀yin àgbà níbí mọ̀ ọ́n. Wọ́n á yan àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á lọ láàárọ̀ kùtù, kì í ṣe lóru. Wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n á rí i pé ẹnìkan jókòó tì í kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìròyìn lè pa ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Báwo ni àwa ṣe ń ṣe é? Aago mọ́kànlá alẹ́: fọ́tò, àbẹ́là, “RIP.” Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó wà ní Kánádà kò tíì gbọ́. Gúrúùpù ló ti kà á. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á tẹ̀ lé e: “Kí ló pa á? Ọmọ ọdún mélòó ni?” Ẹ mọ ẹni tó ń ka ìbéèrè yẹn? Ọmọ tí ọjọ́ orí tiẹ̀ náà jẹ́ bákan náà, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí drip ń lọ sí lára lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ó ń ka ọjọ́ orí yẹn mọ́ tirẹ̀. Mo ti jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ó gbé fóònù dojú bolẹ̀, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ó kù mí.”

Ohun tí àwa ádímínì ti fẹnu kò sí nínú gúrúùpù tiwa nìyí, ẹ lè mú un lọ sí tiyín. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́, ádímínì ni yóò kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe gúrúùpù. Ádímínì yóò pe ẹbí, yóò rí i pé wọ́n ti mọ̀, yóò sì gba àyè lọ́wọ́ wọn. Yóò wá wo àwọn tó wà nílé ìwòsàn lọ́wọ́ lọ́wọ́, yóò pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò kọ ọ́, ní ọ̀sán, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, láì fi fọ́tò ibi tó dùbúlẹ̀ sí i. A kì í béèrè ohun tó pa á nínú gúrúùpù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò rò. Nọ́ńbà olóògbé ṣì wà nínú gúrúùpù, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá yẹn ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ. Mo mọ ìyá kan tó wà nínú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láì sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ádímínì fẹ́ yọ nọ́ńbà náà, ó kọ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.” Ẹ bi ẹbí kí ẹ tó yọ nọ́ńbà.

Owó, ìpolówó, ìwàásù

Mo ti rí i pé alága ń wo aago, n óò sáré.

Owó: ẹni tó bá nílò ìrànwọ́, kó sọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó lọ tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn lórí nọ́ńbà káàdì aláìsàn, kí ádímínì sì ti pe wọ́ọ̀dù kí a tó kéde. Àwọn gbájúẹ̀ ń jí fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ láti gúrúùpù kan lọ fi tọrọ owó ní òmíràn. Ẹni tó bá sì dá owó, kó má gbé rìsíìtì sí gúrúùpù. Ọmọ tí o dá owó fún ń kà á.

Ìpolówó: gúrúùpù kì í ṣe ọjà Bódìjà. Léèsì, ìbò, àjọ, ilẹ̀ tí ẹ ń tà ní Mọ́níyà, ẹ gbé wọn lọ sí status yín.

Ìwàásù: n kì í ṣe ọ̀tá àdúrà. Alhaji wà láàárín wa, pásítọ̀ wà, oníṣẹ̀ṣe wà. Àdúrà kúkúrú dùn mọ́ aláìsàn. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó ni kò ṣe sàn, má sì ṣe sọ pé kó fi oògùn sílẹ̀ láti fi hàn pé ó gbàgbọ́. Ẹni tó bá kọ èyí kejì yìí, a kì í kìlọ̀ fún un nínú gúrúùpù tiwa. A ń yọ ọ́ ni.

Àti àwọn tó ń kà tí wọn kì í kọ. Àwọn kan ń pè wọ́n ní amí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní àná pé SS ni ọmọ rẹ̀. Kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ó ń wò bóyá a ṣeé sọ̀rọ̀ fún.

Ẹ ṣeun. Ìyá tó wọ ìró aláwọ̀ aró lẹ́yìn yẹn ti nawọ́ látìgbà tí mo ti dárúkọ rìsíìtì. Ẹ bá wọn gbé gbohùngbohùn lọ, ó jọ pé wọn kò gbà pẹ̀lú mi.